Kí Ló Ń Lé Yín?

Ìyá àgbà kò tilẹ̀ wo bàtà náà kó tó bi mí:
"Ta ló ń lé yín?
Ẹnìkan kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún.
Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e."
Mo ní, Ìyá àgbà, ibùdó eré sísá ni,
láti Ẹtì sí Àìkú péré, àwa ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ méjìlélógún,
kò sí ẹni tó ń lé ẹnikẹ́ni.
Ó mi orí. Ó wé ẹyin sísè mẹ́ta sínú bébà fún mi.

Bàtà ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó fi ìka méjì tóbi jù mí lọ.
Mo ya ìwé ìdánwò ìṣirò mi, mo fi dí iwájú rẹ̀:
máàkì mẹ́rìnlá nínú ogójì,
ó kúkú rí iṣẹ́ ṣe níkẹyìn.

Kóòṣì Mangusho pàdé wa lẹ́nu géètì,
aago tí kò ní okùn wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí ẹyin àdàbà.
"Ẹ lọ sùn" ni gbogbo ìkíni rẹ̀.
Ta ló rí oorun sùn? Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n tẹ́ ẹní sí,
òtútù Òkè Elgon ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé bí ológbò,
Chekwoti ń ka orúkọ àwọn tó máa sá padà sílé kí ilẹ̀ tó mọ́.
Orúkọ mi ló fi bẹ̀rẹ̀.

Aago márùn-ún ààbọ̀. Ìkùukùu bo ọ̀nà.
Wọ́n ní làálàá tó ròkè, ilẹ̀ ló ń bọ̀.
Ọ̀nà Kapchorwa ò gbọ́ òwe yẹn rí.
Ó ròkè, ó ròkè, ó yà sápá òsì, ó tún ròkè,
ẹrẹ̀ pupa ń fa bàtà mi bí olówó èlé,
kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ru àpò àgbàdo méjì
kọjá lára mi. Kò tilẹ̀ mí hẹlẹ.
Ọmọ tó ń dà á wò mí tàánú-tàánú.
Èmi ni mo kẹ́yìn. Mo bì sẹ́bàá oko kọfí:
ẹyin Ìyá àgbà, méjì nínú mẹ́ta.

Mo ń retí èébú. Kóòṣì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀,
ó yọ bébà tó ti rin gbingbin lẹ́nu bàtà mi,
ó tẹ́ ẹ sórí orúnkún, ó kà á.
"Ìṣirò yìí le o," ló wí.
Lẹ́yìn náà: "Lọ́sàn-án, ìwọ ni o máa ṣáájú.
Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọjá lára Yeko.
Ẹ sá eré tí ẹ lè fi sọ̀rọ̀.
Ẹni tí èémí rẹ̀ kò bá gba ọ̀rọ̀, eré ọ̀la ló ń ná."

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ehoro tò sẹ́yìn ìgbín.
Wọ́n kùn. Wọ́n kùn títí kíkùn fi di ìtàn,
ìtàn di ẹ̀rín, ẹ̀rín sì rọlẹ̀.
Ìgbà náà ni Cherukut, tó yá ju gbogbo wa lọ,
sún mọ́ èjìká mi, ó sọ ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni:
owó ilé-ẹ̀kọ́ ti tán. Lẹ́yìn Kérésì,
ó ń lọ fọ abọ́ nílé oúnjẹ àǹtí rẹ̀ ní Mbale.
Ó wí i bí ẹni ń ka iye kìlómítà.
Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ.
Mo dẹ ẹsẹ̀ sí i díẹ̀,
kí ọ̀nà lè pẹ́.

Àìkú, kìlómítà mẹ́wàá, aago ń kà.
Cherukut gbéra bí òkò tó kúrò nínú kànnàkànnà.
Kò wẹ̀yìn. Nígbà tó dé, Kóòṣì wo aago,
ó fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nù ún, ó tún un wò.
Èmi ṣe ipò kọkànlélógún.
Chekwoti wà lẹ́yìn mi. N kò ní sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́, Ìyá àgbà ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà.
"Ṣé ẹ ti rí ohun tó ń lé yín?"
Mo ní, ti ẹnìkan, mo rí i.
Ti èmi, mi ò tíì mọ̀.
Ó na kẹ́ẹ̀gì sí mi: omi ti tán.
Odò kò jìnnà. Mo ń rọra rìn bọ̀,
kẹ́ẹ̀gì tí kò ní ìdérí lórí mi,
n kò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ yí ìrìn padà sí eré.
Omi ń ta sí mi lọ́rùn.
Ìdajì ló délé.
Ìyá àgbà wo kẹ́ẹ̀gì, ó wo ẹ̀yìn mi, ojú ọ̀nà ṣófo gbalasa,
ó sì padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀.