Ìṣẹ́jú Àáyá Mẹ́jọ

Láti àná ni òjò ti ń rọ̀, kò tíì rẹ̀ ẹ́.
Àgọ́ wa ti mumi yó láti ìsàlẹ̀.
Ọ̀rá tí mo fi di kámẹ́rà mi
ni ibi kan ṣoṣo tó gbẹ nínú gbogbo igbó ìjọba yìí.
Bàbá Eliseo, tó bí bàbá mi,
lóṣòó ti iná kékeré, wọ́n ń ṣọ́ ìkòkò tíì.
"Òjò ibí kì í dá," wọ́n ní, "ó kàn máa ń mí ni."

Ó mí ní nǹkan bí aago mẹ́wàá. A gbéra.

Igi ni mo wá yà.
Kì í ṣe omi tó ń já lórí àpáta, tí gbogbo àlejò ń torí rẹ̀ wá,
igi tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ni mo wá:
alérísè, èèpo rẹ̀ pọ́n bí irin tó dógùn-ún,
ó ti dàgbà kí ẹnikẹ́ni tó dá Puerto Montt sílẹ̀,
ó ti gbó kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́ lórúkọ.
Yasna, ẹ̀ṣọ́ igbó, kìlọ̀ fún wa lẹ́nu ọ̀nà:
Ẹ má kúrò lórí pákó, ẹ má tẹ gbòǹgbò,
ọdún kan gbáko ni igi yìí fi ń nípọn tó èékánná.
Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́.
Ta ni ìbá mọ̀ ọ́n ju ẹni tó fi àáké kà á lọ?

Ogún ọdún ni wọ́n fi la pákó òrùlé lórí òkè yìí,
kí òfin tó gba àáké lọ́wọ́ wọn.
Alérísè ló bo ilé tí wọ́n bí bàbá mi sí.
Alérísè ló bo ilé ìwé mi.
Òkú igi ni òjò ń lù lórí wa ní gbogbo ìgbà èwe mi,
àwa sì ń sùn lábẹ́ rẹ̀, a gbẹ, a móoru.
Ọdún mẹ́tàlélógójì, Bàbá kò padà wá.
Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n.

Inú igbó ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan.
Koríko tó rọ̀ bí ìrọ̀rí bo òkúta, ó bo igi tó wó,
ó gbé ìró ẹsẹ̀ wa mì.
Ẹyẹ kan ké lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni pé ó ṣì í ké.
Mo gún ẹsẹ̀ mẹ́ta kámẹ́rà mọ́lẹ̀.
Ìmọ́lẹ̀ ò tó; ojú kámẹ́rà yóò là fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ.
"Bàbá, ẹ dúró ti èyí. Ẹ má mira rárá."

Wọ́n ṣí fìlà.
Wọ́n fọwọ́ kan ara igi náà, ọwọ́ wọn sì dúró lójú kan:
àpá àáké, tó jìn tó ìka mẹ́rin,
èèpo ti ń rọra pa á dé bí ètè.
"Èmi ni," wọ́n ní. "Mo dán an wò.
Iṣan inú rẹ̀ lọ́, kò ní í là dáadáa.
Mo bú u, mo kọjá."

Wọ́n ní igi tó tọ́ kì í pẹ́ nígbó.
Èyí lọ́, ó pẹ́.

Mo tẹ̀ ẹ́. Ení, èjì, ẹ̀ta,
mo ń kà á lábẹ́ èémí títí dé ẹ̀jọ.

Nínú àwòrán náà igi dúró, ó mọ́ kedere,
èèpo, àpá, ìṣàn omi tó há sínú àpá.
Bàbá ni kò hàn. Èéfín kan wà níbẹ̀, pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́.
"Òtútù ni," wọ́n ní. "Pa á rẹ́, ya òmíràn."
Mo ya òmíràn. N kò pa ti àkọ́kọ́ rẹ́.

Lóru, òjò tún bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀rá àgọ́.
"Ariwo rẹ̀ yàtọ̀," Bàbá ní nínú òkùnkùn.
Mo bi wọ́n pé, sí èwo?
Wọn ò dáhùn, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò sì sùn.