Èwo Ló Kù, Múínátù?

N kò rí ojú rẹ̀ rí.
Ohùn rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀, àti ikọ́ díẹ̀ tí í ṣáájú ọ̀rọ̀,
àti àkùkọ kan lẹ́yìn ilé wọn
tí kò mọ̀ pé aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kì í ṣe àfẹ̀mọ́júmọ́.

Mo ti kọ lẹ́tà náà tán lóru ọjọ́ Ẹtì,
ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ní Yemẹtu,
láàárín abẹ́rẹ́ aago méjìlá àti ti aago mẹ́ta:
"Mo fẹ́ fi ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀."
Gbólóhùn kan péré. Àtàǹpàkò mi ti wà lórí bọ́tìnnì
kí ọmọ kan ní bẹ́ẹ̀dì kẹfà tó bú sẹ́kún.
Mo fi fóònù sápò, mo lọ wo omi tí ń kán sí i lára.

Ẹ má bi mí pé kí ló dé.
Máàkì méjìdínlógójì nínú ẹ̀kọ́ oògùn, ṣé kò tó ọ̀rọ̀?
Dátà tán nígbà tí olùkọ́ ń ṣàlàyé kídìnrín,
ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, kò padé mọ́
títí iná fóònù fi kú.
Ọkọ mi ní, "Nọ́ọ̀sì kúkú ni ẹ́ tẹ́lẹ̀,
kí lo tún ń wá lọ sókè?"
Kò fi ìbínú sọ ọ́. Aṣọ ọmọ ló ń fọ̀ lọ́wọ́.
Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó dùn mí.

Lọ́jọ́ Ajé, fóònù dún.
Ikọ́. "Oyèlàmí ni mo ń jẹ́, láti ilé-ẹ̀kọ́ yín.
Èmi ni olùdámọ̀ràn rẹ. O kò wọlé sí kíláàsì láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."
Mo ti múra de ìbáwí,
mo ti kó àwáwí jọ bí ẹni ń ká aṣọ nígbà tí òjò ṣú.
Ó ní, "Aago mélòó lo ń délé bí o bá ṣiṣẹ́ òru?"

Mo dákẹ́.
Kò sẹ́ni tó bi mí ní aago rí.
Gbogbo ayé ló ń bi mí ní ìdí.

Aago mẹ́sàn-án, sà, bí ọkọ̀ bá tètè kún ní Mọ́kọ́lá.
"Ọmọ ńkọ́?" Ọdún méjì.
"Iná ńkọ́, ní Apẹtẹ?" Ẹ̀rín pa mí.
Mo gbọ́ bírò rẹ̀ tó ń ha ìwé.

Ìgbà yẹn la tó tú ẹrù náà palẹ̀.
Mo ti forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ mẹ́fà bí ẹni tí kì í sùn;
ó ní kí n gbé mẹ́ta kalẹ̀, ikán ò ní jẹ wọ́n.
Ó ní owó ilé-ẹ̀kọ́ ṣeé san lẹ́ẹ̀mejì,
ó wà nínú òfin wọn, lójú ewé tí n kò ṣí dé rí.
Ó ní obìnrin kan wà ní Mọ́níyà, Ọmọ́tóyè,
òun náà ń bá kídìnrín yẹn jà.
Kí n gba ẹ̀kọ́ sórí fóònù lóru, nígbà tí dátà bá pọ́ọ́kú,
kí n máa gbọ́ ọ nínú ọkọ̀.

Kò sí oògùn kankan nínú gbogbo rẹ̀.
Ṣùgbọ́n ẹ bi èmi tí mo ń ṣọ́ ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru fà gbẹ:
omi, iyọ̀, ṣúgà díẹ̀, lásìkò,
ni ojú tó ti rì fi ń padà síta.

Kì í ṣe pé ọ̀nà tọ́ láti ọjọ́ náà.
Mo tún ẹ̀kọ́ kan ṣe, mo sunkún nílé ìwẹ̀.
Oṣù kan wà tí kò pè; èmi ni mo pè é.
Ó ní akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀ọ́dúnrún ló wà lọ́rùn òun. Ohùn rẹ̀ ti rẹ̀.
Mo ní, "Aago mélòó lẹ̀yin ń sùn, sà?"
Àkùkọ ló dáhùn.

Àná ni èsì jáde: mọ́kànlélọ́gọ́ta nínú ẹ̀kọ́ oògùn.
Mo wà lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, òórùn ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ mi.
Lẹ́tà ọjọ́ Ẹtì ṣì wà nínú fóònù, n kò tíì pa á rẹ́.
Mo pè é, mo ka máàkì náà fún un.
Kò tíì kí mi kú oríire.
Ikọ́. Bírò lórí ìwé.
"Èwo ló kù, Múínátù?"