Ẹwìrì Òwúrọ̀

Aago mẹ́fà ku ogún ìṣẹ́jú, Grimsby, oṣù kìíní.
Yìnyín lẹ̀ mọ́ gíláàsì bí ẹ̀kọ tó dì.
Mo yí kọ́kọ́rọ́, nǹkan ké,
kì í ṣe ẹ́ńjìnnì,
ohun kékeré kan lápá ọ̀tún,
bí ẹni tí omi wà lọ́fun tó fẹ́ súfèé.
Ó dákẹ́. Iná aláwọ̀ ìyeyè là lójú dáṣíbọ́ọ̀dù.

Clive yọrí lókè ògiri:
"Pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ ni. Ra òmíràn, kí o gbàgbé ẹ̀."
Clive tí kì í gbàgbé nǹkan kan,
tó ṣì mọ iye tí wọ́n ń ta ẹja
lọ́dún tí bàbá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi.

Mo yẹ fíùsì wò: ó yè.
Mo so bátìrì mọ́ pọ́ǹpù tààrà: kò mira.
Bọ́ọ̀tì mẹ́ta gbà, ìkẹrin ti gbé ìpẹtà níyàwó;
mo fi epo bẹ̀ ẹ́, mo fi òòlù bẹ̀ ẹ́,
mo fi orúkọ ìyá mi bẹ̀ ẹ́ kó tó tú.
Mo dojú pọ́ǹpù délẹ̀,
omi dúdú dà sí mi lápá.

Ta ló ń pọn omi sínú ẹwìrì?

Ní àgbẹ̀dẹ bàbá ìyá mi, l'Ọ́gbàgì,
èmi ni mo máa ń fi ẹwìrì finná.
Bàbá á ní: "Ṣọ́ awọ ẹnu rẹ̀.
Kí èémí lọ. Kí iná má padà wá."

Mo tú fáàfù, mo fi ẹnu fẹ́ ẹ níwájú: ó kọjá.
Mo fẹ́ ẹ lẹ́yìn: ó tún kọjá.
Ilẹ̀kùn tí kò mọ àlejò yàtọ̀ sólè!
Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fà á sì ti là
bíi gìgísẹ̀ nígbà ọyẹ́.
Òru sàléńsà ló ń yọ́ wọlé lálaalẹ́,
tó ń tutù, tó ń domi,
tó fi ri pọ́ǹpù.

Ogójì pọ́n-ùn, pọ́ǹpù àlòkù.
Ọgọ́ta, fáàfù tuntun. Rọ́bà kò tó owó tíì.
Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí kì í jẹ́ ọ lósàn-án:
ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá jí nínú òtútù,
tó ń jẹ epo ju bó ṣe lè jó o lọ,
ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lọ́fun,
ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀, ó parí.
Mo bá sùn. Ọkọ̀ náà sùn.

Ní ìdájí, wùùù,
mo ka á dé àádọ́rùn-ún.
Ó dákẹ́ bí ẹni tó ṣiṣẹ́ ẹ̀ tán.

"Mo sọ fún ọ," ni Clive wí, "pọ́ǹpù ni."
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
Iná aláwọ̀ ìyeyè ṣì ń wò mí,
ó ní òun á rò ó.