Ìwé Òṣómàáló

Máníjà ẹ̀ka títà ni, kì í ṣe ọ̀gá mi.
Ọ̀gá mi ni Ìyáàfin Ọlátẹ̀jú,
tó máa ń ti gíláàsì rẹ̀ sókè orí,
tí yóò sì máa wá a kiri tábìlì.
Òun ló gbà mí síṣẹ́. Òun ló ń fọwọ́ sí ìwé ìsinmi mi.
Sítọ̀ ni wọ́n fi mí sí, nílé iṣẹ́ oúnjẹ adìyẹ
tó wà lẹ́yìn odi Iléṣà:
àpò àgbàdo, àpò ẹja lílọ̀, àpò ìkarawun,
kí n kà á wọlé, kí n kà á jáde,
kí n má jẹ̀ẹ́ kí eku di olówó lójú mi.

"Ọmọ́tádé, jọ̀ọ́."
Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí iyán Ìjẹ̀ṣà.
Lẹ́tà kan péré, lọ́jọ́ Ajé.
Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, orúkọ oníbàárà méjìlélógójì,
kí n tò wọ́n ní à-bí-dí.
Ní Ọjọ́rú, òjò ṣú,
ọmọ rẹ̀ wà nílé ìwé ní Ìsọ̀kùn,
ta ni yóò lọ mú un wá?
"Ṣebí ìwọ lọwọ́ rẹ dilẹ̀."
Ọwọ́ mi! Ọwọ́ tí eruku àgbàdo ti sọ di ọwọ́ arúgbó.

Nígbà tó fi di oṣù kejì, "jọ̀ọ́" ti rìnrìn àjò.
Orúkọ mi nìkan ló kù lẹ́nu rẹ̀,
òun náà sì ti ń dún bí àgogo.

Mo fẹ́ sọ pé rárá.
Rárá dé ọ̀fun mi, ó pàdé owó ilé,
ó pàdé owó ìdánwò àbúrò mi,
ó yíjú padà.
Olúgbódi tó ń ru àpò ní:
"Ẹni a ò lè mú, Ọlọ́run là á fi lé lọ́wọ́."
Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kì í bá mi ka àpò.

Lóru ọjọ́ kan ni mo rántí bàbá bàbá mi.
Òṣómàáló ni. Aṣọ ló ń tà láwìn
káàkiri Èkìtì, títí dé ọ̀nà Kàbà.
Bọ́jọ́ owó bá pé, kò ní pariwo, kò ní ṣépè.
Yóò ká ṣòkòtò, yóò lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè,
yóò ṣí ìwé pélébé kan lé orúnkún,
yóò máa kà á jẹ́jẹ́ bí ẹni ń ka Sáàmù:
aṣọ dúdú ọ̀pá mẹ́ta, sílè méje;
ìborùn kan, sílè méjì àti tọ́rọ́.
Ènìyàn lè bá ẹnu jà. Ta ló ń bá ìwé jà?

Mo ra ìwé kékeré ní Eréjà.
Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá: lẹ́tà Ọ̀gbẹ́ni Fámúrewá sí báńkì.
Wákàtí kan ààbọ̀.
Ogún àpò wà níta. Òjò pa mẹ́ta.

Ojú ewé kẹsàn-án ni mo dé
kí n tó gbé e lọ bá Ìyáàfin Ọlátẹ̀jú.
Mi ò lóṣòó; síkẹ́ẹ̀tì mi fún.
Mo dúró. Mo ní, "Mà, gíláàsì yín wà lórí yín."
Mo ní, "Èwo ni kí n kọ́kọ́ máa ṣe,
tiyín ni, àbí tiwọn?"
Ó kà á. Kò sọ̀rọ̀.
Ó ka ibi tí òjò ti pa àpò mẹ́ta lẹ́ẹ̀mejì.
Ó wá gbé fóònù:
"Fámúrewá, ọmọ iṣẹ́ mi lo ń rán.
Bóo bá tún fẹ́ rán an, ọ̀dọ̀ mi ni kóo gbà."

Látìgbà náà, bí mo bá kí i, imú ló fi ń dáhùn.
Kò burú. N kì í gba owó oṣù lọ́wọ́ imú.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, bí mo ṣe ń lọ sílé,
mo rí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu géètì ilé ìwé,
báàgì lórí, omi ń kán létí rẹ̀ méjèèjì.
Mo ṣí agbòjò mi. A jọ rìn dé ilé wọn.
Ìyẹn kò sí nínú ìwé.
Kò sẹ́ni tó rán mi.