Èkùrọ́ Lórí Àpótí

Ní Agbowó, lókè ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ja dídì,
ni mo ti ń tún ẹ̀rọ ṣe.
Ìyá Adéṣọlá gbé dísíìkì kan wá láti Òkè-Àdó,
ó fi ìborùn wé e bí ọmọ tí òjò pa.
“Fọ́tò ọdún mọ́kànlá tí ọkọ mi yà kó tó papò dà.
Omi wọ ṣọ́ọ̀bù. Ẹ bá mi wò ó.”

Mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà dákú.
Mo tún so ó, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn biribiri.
Lẹ́ẹ̀kẹta, Mùtíù ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní, “Wọ́n ti mú iná lọ.”
Iná kọ́. Fáànù ń yí lókè orí rẹ̀.

Èkùrọ́ ẹ̀rọ ni,
ohun líle àárín, tó ń pín àyè, tó ń ka gbogbo ìwé.
Tó bá kọsẹ̀ lára lẹ́tà kan tó ti jẹrà,
ilé á wó tẹ̀lé e.
Bí egungun bá há baálé lọ́fun,
ṣé gbogbo agboolé ni yóò kú?

Mo rántí ìyá mi ní Ọ̀jọ́ọ̀:
ẹ̀yìnkùlé ló ti ń fọ́ èkùrọ́,
ọmọ inú rẹ̀ nìkan ló ń gbé wọlé.

Mo ṣí kóòdù náà,
mo yọ ẹ̀ka tó mọ fáìlì í kà.
Mo bọ́ adé rẹ̀, mi ò bọ́ ọgbọ́n rẹ̀.
Mo ní: jókòó síbí, lórí àpótí,
irinṣẹ́ láàárín irinṣẹ́.
Bí mo bá pè ọ́, dáhùn.
Bí o bá ṣubú, ẹní tìrẹ nìkan ni kó gbọ̀n.

Ó ṣubú. Aago mọ́kànlá ku díẹ̀, ó ké, ó kú,
rédíò sì ń sọ̀rọ̀ lọ,
Mùtíù ń jẹ ẹ̀pà.
Mo rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.
Mo tún ìlà kan ṣe, mo pè é. Ó kú.
Mo tún òmíràn ṣe.

Òjò ti ń bọ̀ láti Mọ́niyà nígbà tó dáhùn.
Ìyàwó kan tí ojú rẹ̀ pín sí méjì.
Bàtà. Àwọn ọmọléèwé lórí ìlà.
Ìdajì ni mo rí; omi ti mu ìyókù.

Láàárọ̀, ìyá náà kò béèrè ọ̀nà tí mo gbà.
Fọ́tò ọkọ rẹ̀ ló ń wá,
ayàwòrán kì í sì í sí nínú àwòrán.
Àfi níwájú àwọn ọmọléèwé yẹn, lórí iyẹ̀pẹ̀,
òjìji ọkùnrin kan tó gbé nǹkan sójú.
Ó fi ìka kàn án.
“Èjìká rẹ̀ nìyẹn.”