Àmì Inú Èkù

Swantje ọmọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ní,
"Bàbá, ọ̀ọ́dúnrún ọ̀bẹ ó lé mẹ́rìnlá,
ápù kan ṣoṣo lẹ sì ń bẹ lójúmọ́."
Mi ò dá a lóhùn. Mò ń kán òróró sí ìṣó ìdè.

Onírin nìkan ni mò ń kó, irin láti ṣóńṣó dé ìdí.
Ẹ má mú onígi wá bá mi, ẹ má mú oníwo.
Èyí rèé, àgbọ̀nrín ni wọ́n tẹ̀ sí i lára,
àtàǹpàkò ẹnìkan ti jẹ ìwo rẹ̀ tán.
Èyí rèé, ọkọ̀ ojú omi ń rú èéfín lára idẹ.
Èyí, ilé ọtí kan ló fi ń wá oníbàárà:
orúkọ ọtí ti parẹ́,
nọ́ńbà tẹlifóònù ṣì kù, mẹ́ta péré.
Ọ̀bẹ mìíràn a máa wá àkọ̀ kiri;
tèmi, èkù rẹ̀ náà ni àkọ̀ rẹ̀,
ibi tó ń sùn náà là ń dì mú.

Solingen la wà. Odò Wupper ló ń yí ọlọ fún wa
kí iná mànàmáná tó dé.
Ìyá bàbá mi a gbé apẹ̀rẹ̀ ọ̀bẹ karí,
òṣùká lábẹ́, òjò lókè,
a gun òkè lọ sílé iṣẹ́,
a sì ru èyí tí kò tíì lójú bọ̀ wálé.
Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni Ewald, bàbá mi, ti ń tò wọ́n pọ̀.
Orúkọ ọ̀gá ni wọ́n ń tẹ̀ sára irin.
Orúkọ tirẹ̀ ńkọ́?
Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.
Ṣùgbọ́n ó máa ń fi abẹ́rẹ́ ha ẹja tíntín kan
sínú èkù, níbi tí ojú ọ̀bẹ ń sùn sí,
níbi tí ojú ọ̀gá kò lè dé.
Èmi nìkan ló fi hàn. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí.
Ó ní kí n panu mọ́.

Ogójì ọdún ni mo ti ń ṣí ọ̀bẹ lọ́jà àlòkù.
Àwọn tó ń tà á rò pé sípíríǹgì ni mò ń dán wò.
Mo máa ń tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò tóóró náà:
eruku. Òwú. Èérún tábà.
Ojú a wá máa tì mí láti dá a padà,
mo máa ń sanwó.
Swantje, bí wọ́n ṣe di ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́rìnlá nìyẹn.

Lọ́jọ́bọ̀, ní ibùdókọ̀, ọmọkùnrin kan jókòó tó ń gbẹ́ igi.
Emirhan lorúkọ rẹ̀. Èkù idẹ, àgbọ̀nrín tó ń sáré.
Mo ní, "Jẹ́ n wò ó."
Ó wò mí títí,
ó di ojú ọ̀bẹ mú, ó na èkù sí mi.
Ẹja náà wà níbẹ̀.
Kò tó èékánná ọmọ tuntun.

Mo ní àádọ́ta yúrò. Mo ní ọgọ́rùn-ún.
Ó mi orí. "Rüstem, bàbá bàbá mi, ló ni ín.
Lọ́dún tó dé láti Anatólíà, tí kò gbọ́ èdè,
bàbá kan tó ń to ọ̀bẹ ló gbé e lé e lọ́wọ́.
Ó ní a kì í fún ọ̀rẹ́ lọ́bẹ lọ́fẹ̀ẹ́, yóò gé ọ̀rẹ́ sí méjì,
ló bá gba kọ́bọ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀."

Bàbá mi kò sọ fún wa rí pé òun ní ọ̀rẹ́.

Mo kán òróró díẹ̀ sí ìdè rẹ̀, mo ká a, mo dá a padà.
Mo fi ìka han ọmọ náà ibi tó yẹ kó wò.
Bọ́ọ̀sì dé. Ó wọlé, ó jókòó,
mo sì rí i láti ìta, tó ṣí ọ̀bẹ náà,
tó di ojú kan, tó ń fi ìkejì wo inú òkùnkùn.

Swantje ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà.
Mo ní kó bá mi mú ápù méjì wá.