Ìlà Méjì Péré

Wọ́n há fọ́ọ̀mù fún wa ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé ní Gwagwalada.
Ìbéèrè kẹsàn-án ní: "Kí lẹ fẹ́ ká tún kọ́ yín?"
Ìlà méjì péré ni wọ́n fà sílẹ̀ fún ìdáhùn.
Ẹ̀yìn ìwé ni mo yí sí.

Ẹ kọ́ wa bí a ti í tẹ àyà ọmọláńgidi onírọ́bà,
ọgbọ̀n ìgbà, ẹ ní, kí a tó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu.
A ka ọgbọ̀n. A rẹ́rìn-ín.
A jẹ bisikíìtì, a mu ẹlẹ́rìndòdò, a lọ sílé.
Ọmọláńgidi yẹn kò ní ìyá.
Kò sí ẹrẹ̀ láàárín eyín rẹ̀.
Kò sẹ́ni tó di ṣòkòtò mi mú lẹ́yìn bí mo ti ń kà,
tó ń sọ èdè Gbàgyí tí n kò gbọ́,
ọ̀rọ̀ kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà,
títí kíkà fi dàrú mọ́ mi lẹ́nu,
tí mo tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ení.

Òru Ìṣẹ́gun ni odò Usuma gòkè wá, kò kan ilẹ̀kùn.
Télọ̀ ni mí, ará Òmù-Àrán,
ogún ọdún rèé tí mo ti ń fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ́bàá ọjà.
Jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn tí ẹ fún mi,
èmi ni mo tún apá rẹ̀ rán kí n tó wọ̀ ọ́.
Ìbọ̀wọ́ Asabe ya kí ilẹ̀ tó mọ́;
ó fi ọ̀rá búrẹ́dì wé ọwọ́, ó ń bá iṣẹ́ lọ.
Jákẹ́ẹ̀tì yẹn gan-an ló kó bá wa:
ẹni tó bá rí i á rò pé ìjọba ti dé.
"Ọkọ̀ ojú omi dà?" bàbá kan bi mí látorí páànù.
Mo ní ó ń bọ̀.
N kò mọ̀ bóyá ó ń bọ̀.
Ẹ kò kọ́ wa ní ohun tí à ń sọ fún ẹni tó wà lórí páànù.

Wọ́n ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ.
Àwa tí a kò mọ̀wẹ̀ rárá ńkọ́?
Nínú àwa mọ́kànlá, Zhiri nìkan ló mọ̀ ọ́n,
odò abúlé wọn ló sì kọ́ ọ, kì í ṣe ẹ̀yin.
Ẹ kọ́ wa ní ìwẹ̀.
Ẹ kọ́ wa ní gbólóhùn mẹ́wàá lédè Gbàgyí:
"Má wẹ̀yìn." "Di okùn mú." "Kí lorúkọ ọmọ náà?"
Ẹ kọ́ Asabe bí wọ́n ti ń sùn.
Látọjọ́ náà, aago mẹ́ta òru ló ń pè mí,
kì í sọ nǹkan kan, èmi náà kì í sọ,
a ó ṣáà máa gbọ́ èémí ara wa lórí fóònù.

Fọ́ọ̀mù yín kò bèèrè, ṣùgbọ́n ọmọ náà wúkọ́.
Mo ti dé orí èjìlélógún.
Ẹrẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà, igbe.
Ìgbà yẹn ni ìyá rẹ̀ tó fi ṣòkòtò mi sílẹ̀.
Ó ti ya láti ìbàdí dé orúnkún.
Mo gbé e kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù, lójú àwọn oníbàárà.
Télọ̀ ni mí. N kò tíì rán an.